Oògùn Tó Ti Kọjá Ọjọ́ àti Ẹja Ọ̀sà

Bí òjò bá rọ̀ ní Ìperu, omi gọ́tà wa a wọ odò, odò a sì ṣàn gba ìsàlẹ̀ lọ sí ọ̀sà Èkó. Níbẹ̀ ni omi odò ti ń pàdé omi òkun oníyọ̀. Inú omi àdàpọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ẹja, edé àti akàn ti ń dàgbà. Ẹni tó lọ gbafẹ́ ní Ẹpẹ tó jẹ ẹja yíyan, omi tiwa náà wà níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi ní kántà pé ṣálángá tàbí gọ́tà làwọn da oògùn àtijọ́ sí. Oògùn apakòkòrò bí amoxicillin ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí ó bá kéré nínú omi, kì í pa gbogbo kòkòrò. Èyí tó yè a di aláìgbóògùn. Bí irú rẹ̀ bá kọlu ọmọ lọ́la, kápúsù lè má ràn án.

Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún wa láti yàgbẹ́ síbi tí èèyàn ti ń pọnmi. (Síbẹ̀, ọ̀rá ìgbẹ́ kò tán lẹ́bàá odò!) Lójú tèmi, oògùn dídà sódò kò jìnnà sí i.

Ẹ pò ó mọ́ eérú tàbí yẹ̀pẹ̀, ẹ dì í pa sínú ọ̀rá, kí ẹ tó jù ú sínú pàǹtí. Ẹ má sun ún. Ẹ fa lébẹ́ẹ̀lì ìgò ya, kí oníjìbìtì má baà rọ ayédèrú sínú rẹ̀.