Ta Ló Yà Á, Ta Ló Tẹ̀ Ẹ́, Ta Ló Tò Ó?

Láti Ìkẹjà GRA tí mò ń gbé, ọjà Computer Village kò jìnnà. Mo lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá nítorí ọmọ àbúrò mi tó ń fi kọ̀ǹpútà ya pílánù ilé. Ó ní káàdì gíráfíìsì òun ti kú. Ní ṣọ́ọ̀bù kan lópòópónà Otigba, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti tú irin tó ń gba ooru kúrò lára káàdì tòkunbọ̀ kan, ó ń fi òwú nu ọ̀rá aláwọ̀ eérú tó ti gbẹ mọ́ ọn lára. Oníbàárà kan bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ṣe èyí?"

Ó ní, "NVIDIA ni."

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní, "Rárá o, ọ̀gá. Zotac ni, ẹ wo ara fáànù."

Ọ̀gá yí káàdì náà padà, ó ka bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀: Ṣáínà ni wọ́n kọ síbẹ̀. Èmi náà tẹjú mọ́ ọn. Lórí chip tó wà láàárín, wọ́n fín NVIDIA, wọ́n sì fín TAIWAN sísàlẹ̀ rẹ̀. Lára mẹ́mórì kéékèèké tó yí i ká, Samsung ni mo rí. Orúkọ márùn-ún lára ohun tí kò gùn tó ìgbọ̀nwọ́ mi.

Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀-ìṣe "ṣe" la di ẹrù rù jù, bẹ́ẹ̀ a ní àwọn mìíràn tó lè bá a gbé e. Ìkòkò, mímọ là ń mọ ọ́n. Ọkọ́, alágbẹ̀dẹ ló ń rọ ọ́. Ẹ̀rúkọ́ rẹ̀, ẹlòmíràn ló ń gbẹ́ ẹ. Aṣọ òfì, híhun ni. Ẹ tún wo ìwé. Bí ìwé bá jáde láti Ṣómólú, níbi tí àwọn òǹtẹ̀wé Èkó pọ̀ sí, ta ló jẹ́ béèrè pé "ta ló ṣe ìwé yìí"? À ń béèrè ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó tẹ̀ ẹ́, ẹni tó ń tà á, kò sì sí ẹni tí orí rẹ̀ ń dàrú. Ohun tí a ti mọ̀ nípa ìwé yìí gan-an ni ká gbé lọ sọ́dọ̀ káàdì.

NVIDIA ló ń ya chip. Láti 1993 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ àwòrán ló yàn láàyò. Kò ní ilé-iṣẹ́ tí ó ti ń tẹ chip fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ lo "tẹ̀", torí pé ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ àwòrán náà sórí pẹlẹbẹ silicon, bí ẹni ń tẹ ìwé. TSMC ní Taiwan ló ń tẹ èyí tó pọ̀ jù. Morris Chang dá a sílẹ̀ ní 1987 láti máa tẹ àwòrán tí àwọn ẹlòmíràn bá yà. Nígbà tí káàdì RTX 30 jáde ní 2020, Samsung ará Kòríà ni NVIDIA gbé títẹ̀ rẹ̀ fún. Nígbà tí RTX 40 dé ní 2022, ó padà sọ́dọ̀ TSMC. Olùyàwòrán kan náà, òǹtẹ̀ méjì.

Lẹ́yìn èyí ló kan títò. Àwọn ọmọ ọjà ń pè é ní "kọ́pù," ìyẹn "couple" lédè Gẹ̀ẹ́sì, n kò sì bá wọn jà, ṣùgbọ́n "tò" kò kú. PC Partner, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Hong Kong, ní ilé-iṣẹ́ ní Dongguan, ní Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ń to chip, mẹ́mórì àti fáànù pọ̀. Òun ló ni orúkọ Zotac, òun ló ni Inno3D àti Manli, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bá Sapphire to káàdì. Bákan náà, ilé-iṣẹ́ Palit ló ni orúkọ Gainward. Páálí lè yàtọ̀, kí àwọ̀ fáànù yàtọ̀, kí ó jẹ́ ọwọ́ kan náà ló tò ó.

Ibẹ̀ làwọn kan ti ń sọ pé káàdì bẹ́ẹ̀ "kì í ṣe ojúlówó." Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Ẹ wo àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún: aṣọ funfun tí wọ́n hun ní Manchester ni púpọ̀ nínú wọn ń rà. Dídì àti rírẹ ni tiwọn, òun náà sì ni orúkọ iṣẹ́ náà sọ: a dì í, a rẹ ẹ́. Kò sọ pé àwọn ló hun ún. Ta ló wá lè pe àdìrẹ ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ní ayédèrú? Ayédèrú ni ká pe káàdì GTX 550 Ti ti 2011 tí èèyàn yí ètò inú rẹ̀ padà, tó fi ń dá kọ̀ǹpútà lóhùn pé GTX 1050 Ti lòun. Èrú wà nínú ìyẹn. Kí ẹnì kan to káàdì, kí ẹlòmíràn lẹ orúkọ mọ́ ọn pẹ̀lú àdéhùn, kò sí èrú níbẹ̀.

"Tòkunbọ̀" ńkọ́? Ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun, tí wọ́n gbé wálé, ló ń jẹ́ ẹ. Bí a bá tẹ̀ lé gbòǹgbò rẹ̀, gbogbo káàdì tó wà ní Ìkẹjà ni tòkunbọ̀, títí kan èyí tí ọ̀rá ṣì wà lára páálí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn èèyàn ti fi í fún èyí tí wọ́n ti lò lókè òkun nìkan, ibẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ dúró sí. "Tuntun" ni òdìkejì rẹ̀, kì í ṣe "ojúlówó." Káàdì lè jẹ́ tòkunbọ̀ kó tún jẹ́ ojúlówó, tuntun náà sì lè jẹ́ ayédèrú.

Mo sọ díẹ̀ nínú èyí fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà bó ṣe ń dá irin yẹn padà sáyè rẹ̀. Ó de ìdè rẹ̀ tán, ó ki káàdì bọ inú kọ̀ǹpútà, fáànù méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Nígbà náà ló kọjú sí oníbàárà rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, NVIDIA ló yà á. Taiwan ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, Ṣáínà ni wọ́n ti tò ó." Ó fi òwú yẹn nu ìka. "Èmi ni mo tún un ṣe."