Kọfí: Ẹ Pò Ó ni, àbí Ẹ Sè É?

Atọ́kùn ètò òwúrọ̀ kan lórí rédíò ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó ń gba àwọn ará Ìbàdàn níyànjú pé kí wọ́n yéé náwó sí ṣọ́ọ̀bù oníkọfí, kí wọ́n "máa ṣe kọfí nílé". Ìmọ̀ràn tó dáa ni. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí òǹkọ̀wé ojú ìwé yìí da ife ọwọ́ rẹ̀ sára. Aṣọ, à ń rán an. Àga, à ń kàn án. Àmàlà, à ń rò ó. Kí ni kọfí wá ṣe tó fi jẹ́ "ṣe" là ń ṣe é?

Ó bi ìyá aládùúgbò rẹ̀ léèrè. Màmá ò tilẹ̀ gbójú sókè: "À á pò ó ni. Kí lẹ tún fẹ́ ṣe fún un?"

Pò! Ọ̀rọ̀ àtàtà. Ohun rírọ̀ tàbí ohun lúbúlúbú ni à ń pò mọ́ omi. Àwọn tó fi amọ̀ mọ ilé láyé àtijọ́ fi ẹsẹ̀ po amọ̀ náà. Bíríkìlà ń po simẹ́ńtì. Abiyamọ ń po ògì. Nígbà tí Nescafé jáde ní Switzerland lọ́dún 1938, àfi bíi pé wọ́n ti gbọ́ nípa pò kí wọ́n tó ṣe é: ìyẹ̀fun bọ́ sómi gbígbóná, ṣíbí rò ó yí ká, ó tán. Bournvita náà, pípò ni, Milo náà, pípò ni. (Pé tíì ni gbogbo wọn ń jẹ́ nílé wa, ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Inú èso kọfí gan-an ni wàhálà wà, irú èyí tí wọ́n ń gbìn lágbègbè Kábbà. Ẹ óò yan án, ẹ óò lọ̀ ọ́, ẹ óò da omi gbígbóná sí i, ẹ óò sì sẹ́ ẹ. Eèrí rẹ̀ á kù sínú asẹ́ bíi ti ògì. Ẹni tó bá pò ó bíi Nescafé, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni yóò máa tu lẹ́nu. Àwọn ará Etiópíà, níbi tí igi náà ti ṣẹ̀, ń sè é nínú ìkòkò amọ̀ tí wọ́n ń pè ní jebena. Ní ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ ló ń fi agbára ti omi gba inú kọfí lílọ̀ kọjá. Ohun tí a fún jáde ni àwọn ará Ítálì sì ń pè ní espresso. Àwa náà ní fún: a ń fún aṣọ, a ń fún ọsàn. "Ẹ fún kọfí fún mi" ló yẹ kí oníbàárà wí, bí olùtajà ò bá ní rò pé ó ń kólòlò.

Ta ló máa gbọ́? Ẹ wo àgbo. Gbígbo ni wọ́n ń fi ọwọ́ gbo ewé sómi tí orúkọ náà fi wáyé. Lónìí, inú ìkòkò lórí iná ni ọ̀pọ̀ àgbo ti ń hó, kò sì sẹ́ni tó pè é ní àsè.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ òǹkọ̀wé yìí gbé asẹ́ àti èso kọfí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. "Bàbá, ṣé kí n po kọfí fún yín?"

Bàbá wo asẹ́, ó wo ojú ọmọ.

"Pò ó wá, jàre."