Kọ̀ǹpútà Nọ́ńbà 4 Kò Kú: Ẹ̀kọ́ Lórí Mọnítọ̀ Tuntun

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri lọ́sẹ̀ yìí, inú yàrá kọ̀ǹpútà wa níbí ní Ibereko ni mo ti kọ́ ọ. Ó kọ́kọ́ dójú tì mí kó tó yé mi.

Gbogbo wa la mọ kọ̀ǹpútà nọ́ńbà 4. Òun ni ẹgbẹ́ oníròyìn wa fi ń tẹ ìwé ìròyìn yìí. Tòkunbọ̀ ni, ó ti pẹ́, àmọ́ ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí, mọnítọ̀ tuntun dé fún un: ó fẹ̀, ó tín-ín-rín, ó mọ́lẹ̀ dáadáa. A gbé ògbólógbòó ti tẹ́lẹ̀ lọ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ojú ihò VGA aláwọ̀ búlúù tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà la máa ń ki wáyà mọnítọ̀ bọ̀, ṣùgbọ́n mọnítọ̀ tuntun kò ní VGA; HDMI àti DisplayPort ló ní. Wọ́n bá ra kinní kékeré kan tó ń sọ VGA di HDMI, wọ́n fi so wọ́n pọ̀. Windows hàn kedere. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, fáírọ́ọ̀sì bo kọ̀ǹpútà náà. Tísà kọ̀ǹpútà wa ní ká fi flash gbé Windows mìíràn sórí rẹ̀. Kí kọ̀ǹpútà tó lè ka flash ṣáájú, èèyàn gbọ́dọ̀ wọ ibi ètò ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní BIOS, kó yí ètò ibẹ̀ padà. Ọmọ JSS3 kan tó mọwọ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ní kó tẹ F2 bó bá ti ń tàn. Ó tẹ̀ ẹ́. Ojú mọnítọ̀ dúdú kirikiri. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí nǹkan kan. Ó pa á, ó tún tàn án, ó tún tẹ F2. Dúdú náà ni.

Èmi ni mo kọ́kọ́ lanu: "Ìwọ lo bà á jẹ́! Ta ló ní kó o máa tẹ F2 bí ẹni ń lu agogo?" Ọmọ náà ò fèsì, omi kàn lé ròrò sójú ẹ̀ ni. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe tí a pè náà tẹ F2, ó rí òkùnkùn, ó ní bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti jóná, ₦45,000 lòun máa gbà. Níbo la ti fẹ́ rí i? Àwọn kan ti ń sọ pé kí bàbá ọmọ náà wá sanwó. Bẹ́ẹ̀, ẹja ni bàbá rẹ̀ ń pa lórí ọ̀sà.

Ohun tí mo rí

Lọ́jọ́ kejì, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ tísà, mo tan kọ̀ǹpútà náà láì tẹ ohunkóhun. Windows wọlé! Mo ní, háà, bí bọ́ọ̀dù bá jóná, báwo ni Windows ṣe máa wọlé?

Mo tún un tàn, mo tẹ F2. Òkùnkùn dé. Mo wá tẹ Caps Lock: iná kékeré orí kíbọ́ọ̀dù tàn. Mo tún un tẹ̀: iná náà kú. Mo di Ctrl, Alt àti Delete mú lẹ́ẹ̀kan náà: kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, Windows sì tún wọlé. Òkú kì í jẹ́ ìpè. Kọ̀ǹpútà yìí ń jẹ́ ìpè, a jẹ́ pé ó yè. Inú BIOS gan-an ló dúró sí, ó ń retí wa, àwa ni ojú wa kò tó o.

Èmi àti tísà gbé ògbólógbòó mọnítọ̀ jáde lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, a ki wáyà VGA rẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà tààrà, a tẹ F2. BIOS hàn gbangba. Ibẹ̀ ló wà látọjọ́ yìí.

Kí ló fà á?

BIOS ni ètò tó ń kọ́kọ́ jí nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà. Inú ẹ̀yà kékeré kan lórí bọ́ọ̀dù ló ń gbé, kò sí lórí háàdì dísìkì. Òun ló ń yẹ mẹ́mórì àti kíbọ́ọ̀dù wò, kó tó pe Windows. Gary Kildall, ará Amẹ́ríkà, ló fún un lórúkọ yìí láàárín ọdún 1970 sí 1979. Nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà PC rẹ̀ jáde ní 1981, BIOS wà nínú rẹ̀. Èyí tó wà lára kọ̀ǹpútà òde òní ni UEFI, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń pè é ní BIOS.

BIOS àtijọ́ máa ń gbé ojú ìwé rẹ̀ jáde ní ìwọ̀n VGA, èyí tí IBM mú wá ní 1987. Ìwọ̀n ìkọ̀wé rẹ̀ jẹ́ àmì 720 ní ìbú, 400 ní òró, àwòrán sì ń tún ara rẹ̀ yà nígbà 70 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Windows ní tirẹ̀ máa ń lo ìwọ̀n tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà 60 ló sì sábà máa ń ya àwòrán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìwọ̀n òde òní ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ kinní asọ-VGA-di-HDMI fún. Bí ti àtijọ́ bá dé, kò yé wọn.

Ẹ wò ó báyìí: àwa tí à ń gbé Àgbádárìgì mọ̀ pé bí ẹnì kan bá ń sọ Ègùn fún ẹni tó gbọ́ Yorùbá nìkan, kì í ṣe pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yadi. Ògbufọ̀ ni kò sí. Kinní kékeré wa gbọ́ èdè Windows, kò gbọ́ èdè BIOS.

Bó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹ, ṣe báyìí

1. Tan kọ̀ǹpútà láì tẹ nǹkan kan. Bí Windows bá wọlé, má gbà fún ẹni tó bá ní bọ́ọ̀dù ti jóná.

2. Mọ bọ́tìnì tó yẹ. Ọ̀pọ̀ Dell ń lo F2, ọ̀pọ̀ HP ń lo F10, ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù mìíràn ń lo Delete.

3. Bí ojú rẹ̀ bá dúdú, fi Caps Lock dán an wò. Má tẹ Enter tàbí àwọn ọfà nínú òkùnkùn o, kó o má lọ yí ètò tí o kò rí padà. Ctrl, Alt àti Delete ni kó o fi jáde.

4. Yọ kinní asọ-VGA-di-HDMI kúrò. Lo wáyà tó lọ tààrà, tàbí kó o wá mọnítọ̀ VGA yá.

5. Fi bọ́tìnì ara mọnítọ̀ yan ihò tí wáyà wà, má fi í sórí Auto. Àwọn mọnítọ̀ kan máa ń pẹ́ kí wọ́n tó jí. Kí wọ́n tó lajú, àkókò tó yẹ kó o tẹ bọ́tìnì ti kọjá.

6. Bó bá jẹ́ pé àkókò yẹn ló ń bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́, tí Windows 10 sì wà lórí UEFI, di Shift mú kó o tó tẹ Restart. Yan Troubleshoot, lẹ́yìn náà Advanced options, kó o wá yan UEFI Firmware Settings. Ìyẹn á gbé ẹ wọlé, àmọ́ kò ní kí àwòrán hàn bó bá jẹ́ pé wáyà ló ní wàhálà.

Bó ṣe parí

Orí ògbólógbòó mọnítọ̀ la ti yí ètò náà padà, Windows tuntun sì wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ni tísà rí i pé ihò DisplayPort wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà náà látọjọ́ tó ti wà, eruku ló bò ó. Wọ́n ra wáyà DisplayPort tó lọ tààrà. Ní báyìí, BIOS ń hàn lórí mọnítọ̀ tuntun. A ò san ₦45,000 fún ẹnikẹ́ni.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ojú gbogbo kíláàsì ni mo ti pe ọmọ JSS3 yẹn ní abanǹkanjẹ́, torí náà ojú gbogbo èèyàn ni mo ti ń tọrọ àforíjì: àbúrò mi, jọ̀ọ́, má bínú. Ohun tí wọ́n ní kó o tẹ̀ lo tẹ̀, o sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Èmi tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ni mi ò yẹ nǹkan wò kí n tó sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè fún ìdánrawò

(a) Kí ni Caps Lock fi hàn wá nígbà tí ojú mọnítọ̀ dúdú?
(b) Kí ló dé tí Windows fi hàn, tí BIOS kò hàn?
(d) Kí ló yẹ kí n ti ṣe kí n tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi?

Ẹ kọ ìdáhùn yín sínú ìwé, kí ẹ fún tísà kọ̀ǹpútà ṣáájú ọjọ́ Ẹtì.