Nígbà tí Àjẹsí Adìẹ Bá Wú

Ọ̀pọ̀ adìẹ ìbílẹ̀ ni a ti pa, tàbí tí a ti tà ní ọ̀pọ̀, nítorí pé ẹni tí ó ni wọ́n rí i ní ìrọ̀lẹ́ pé ìsàlẹ̀ ọrùn wọ́n wú, ó sì rò pé àrùn ti dé. Bẹ́ẹ̀ ni àgbébọ̀ kan tí ó ń kó ọmọ lẹ́yìn kì í ṣe ohun kékeré nínú ilé. Owó ìwé ọmọ lè ti ara rẹ̀ wá.

Àpò tí ó wú yìí, ní apá ọ̀tún àyà, ni àjẹsí. Adìẹ kò ní eyín. Ohun tí ó bá ṣà jẹ ni ó ń kó pamọ́ síbẹ̀ kí ó lè rọ̀, kí ó tó máa lọ díẹ̀díẹ̀ dé iwe, níbi tí òkúta wẹ́wẹ́ tí adìẹ gbé mì yóò ti lọ̀ ọ́. Adìẹ tí ó jẹ̀ káàkiri láti òwúrọ̀ yẹ kí ó gbé àjẹsí kíkún wọlé. Nítorí náà, ìdájí ni kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ tó fún un ní ohunkóhun jẹ. Bí àpò náà bá ti ṣófo, ara adìẹ náà dá.

Bí ó bá kún síbẹ̀, tí ó sì le, ohun kan ni ó dí i: koríko gbígbẹ gígùn, òwú, tàbí ọ̀rá tí àwa fúnra wa jù sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ má fún un ní oúnjẹ fún ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó rí omi mu. Ẹ kán òróró ẹ̀pà díẹ̀ sí i lẹ́nu, kí ẹ sì máa fi ìka rọra tẹ àpò náà kí ohun tí ó dì lè tú. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́ tí kò yí padà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Òun lè la àpò náà kí ó sì rán an. Kì í ṣe iṣẹ́ abẹ ìfárí.

Èyí tí ó rọ̀ bí ẹni pé omi ni ó kún un, tí ẹnu adìẹ sì ń rùn kíkan, yàtọ̀. Ohun kan bí ìwúkàrà ni ó ń hù nínú rẹ̀. Kápúsù tí àwọn kan ń tú sínú omi adìẹ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ a máa fà á, nítorí pé ó ń pa àwọn kòkòrò rere inú adìẹ. Dókítà ni yóò fún un ní oògùn tirẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dorí rẹ̀ kodò kí omi náà lè dà jáde: ó lè wọ ọ̀nà èémí, adìẹ a sì kú sí yín lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n bí adìẹ púpọ̀ bá ń tòògbé lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń ya ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé, tí ọrùn wọn sì ń lọ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti àjẹsí. Ó lè jẹ́ lúkúlúkú. Ẹ ránṣẹ́ sí dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má sì gbé ọ̀kankan nínú wọn lọ sọ́jà.