Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Bí Wáífáì Ilé Bá Ń Já

Ní ọ̀pọ̀ ilé lóde òní, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ará ilé. Rọ́tà ni à ń pè é. Kò sí okùn láàárín òun àti fóònù wa. Bí rédíò ṣe ń gbọ́ ohùn láti ojú afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni fóònù ń gbọ́ ti rọ́tà. Ọ̀nà yìí ni à ń pè ní wáífáì.

Ìyọnu rẹ̀ ni pé ó máa ń já. Ọmọ wa tí ó wà lókè òkun ń bá wa sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ á dúró gbagidi, ohùn á dákẹ́. Oníbàárà fi iṣẹ́ ránṣẹ́, a ò rí i títí ó fi lọ bá ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wa á wá sáré lọ ra rọ́tà tuntun. Owó ńlá ni, bẹ́ẹ̀ sì ni àrùn náà lè má sí lára rọ́tà rárá. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wá ìdí rẹ̀.

1. Níbo ni ó ti ń já?

Ìrìn méjì ni íntánẹ́ẹ̀tì ń rìn. Èkíní, láti òpó ilé-iṣẹ́ fóònù dé ọ̀dọ̀ rọ́tà. Èkejì, láti ọ̀dọ̀ rọ́tà dé ọwọ́ wa. Nígbà tí ó bá já, ẹ mú fóònù lọ sí ẹ̀gbẹ́ rọ́tà. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí ó sì ń já ní yàrá, ìrìn kejì ni ó bàjẹ́. Bí àmì wáífáì bá kún lójú fóònù, tí kò sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ náà, ìrìn kìíní ni kí á wò.

2. Ìrìn kejì

Ògiri, irin, dígí ńlá àti omi ń dín agbára wáífáì kù. Ẹ má fi rọ́tà sẹ́yìn fíríìjì tàbí sínú àpótí. Ẹ gbé e sí ibi gíga, ní àárín ilé.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ rọ́tà ní: 2.4 GHz àti 5 GHz. Ti 2.4 ń lọ jìnnà, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀. Rọ́tà aládùúgbò wà níbẹ̀. Máíkíróweéfù tí a fi ń mú oúnjẹ gbóná náà ń dà á láàmú. Ti 5 ń yára, ṣùgbọ́n ògiri tètè ń dá a dúró. Ẹni tí ó wà nítòsí rọ́tà, kí ó lo 5. Ẹni tí ó jìnnà, kí ó lo 2.4.

3. Ìrìn kìíní

Ṣé dátà ò tíì tán? Bí rọ́tà bá ń lo síìmù, ẹ gbé e sí ẹ̀bá fèrèsé, kí ó lè rí òpó dáadáa. Ẹ yí fèrèsé padà títí ẹ ó fi rí èyí tí ó dára jù.

4. Iná

Bí iná bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan péré, rọ́tà tí kò ní bátìrì á kú, á tún jí. Ó lè pẹ́ díẹ̀ kí íntánẹ́ẹ̀tì tó padà. Ẹ wo ẹnu okùn iná rẹ̀, bóyá ó ti dẹ̀. Ẹ má sì da aṣọ bò ó, ooru kì í jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ pa á, ẹ ka 30, kí ẹ tó tún un tàn.

5. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

A ti mọ̀wé kọ. Ẹ jẹ́ kí á lò ó. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kọ ìgbà tí ó já, báyìí:

Ọjọ́ Ajé, aago 1 ọ̀sán: ó já. A ń mú oúnjẹ gbóná.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7 alẹ́: ó já. Iná ṣẹ́jú.
Ọjọ́rú, aago 9 alẹ́: ó já. Iná wà, dátà wà, a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́tà.

Ìwé yìí sọ̀rọ̀. Ti Ọjọ́ Ajé, ó jọ pé máíkíróweéfù ni. Ti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, iná ni. Bí irú ti Ọjọ́rú bá ń pọ̀, ẹ pe ilé-iṣẹ́ tí ó ni síìmù, kí ẹ sì ka ọjọ́ àti aago fún wọn. Ẹni tí ó ní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́, wọn ò lè fi ọ̀rọ̀ dídùn lé e padà.

Ìbéèrè

1. Ìrìn mélòó ni íntánẹ́ẹ̀tì ń rìn kí ó tó dé ọwọ́ wa?
2. Kí ló dé tí kò dára kí rọ́tà wà lẹ́yìn fíríìjì?
3. Níbo ni rọ́tà ilé yín wà? Ṣé ibẹ̀ dára?