Kí A Tó Ṣán Igbó: Bí A Ṣe Lè Mọ Ẹranko Tí Yóò Lọ àti Èyí Tí Yóò Pọ̀ Sí I



Àwọn àgbà ní, "Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó." Nígbà tí àgbẹ̀ bá fẹ́ dá oko tuntun, kì í ṣàìkọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ wò kí ó tó gbé àdá. Yóò wò ó bóyá ilẹ̀ náà yóò gba kòkó tàbí ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ni ó ń bèèrè pé: "Àwọn ẹranko tí ń gbé ibẹ̀ ńkọ́? Níbo ni wọn yóò gbà, kí ni yóò sì ti ẹ̀yìn rẹ̀ bá oko mi?" Ìbéèrè yìí ní ìdáhùn, a sì lè mọ ìdáhùn náà kí igi kan tó wó.

Ìbéèrè mẹ́ta nípa ẹranko kọ̀ọ̀kan

1. Kí ni ó ń jẹ? Koríko ni oúnjẹ ọ̀yà. Bí a bá ṣán igbó, tí koríko sì hù, ọ̀yà yóò pọ̀ sí i, yóò sì wọ oko àgbàdo àti ìrèké. Ewé àti èso orí igi ńlá ni edun ń jẹ ní tirẹ̀. Bí igi bá ti wó, oúnjẹ rẹ̀ tán.

2. Níbo ni ó ń bímọ tàbí tí ó ń yé sí? Inú ihò igi ńlá ni odídẹrẹ́ ń yé sí. Igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀, bí ewé rẹ̀ tilẹ̀ tutù yọ̀yọ̀.

3. Báwo ni ìrìn rẹ̀ ṣe jìnnà tó? Òkété lè gbé ayé rẹ̀ ní ìtòsí ihò rẹ̀. Erin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: ó ń rìn jìnnà láti wá èso, ewé àti omi.

Ìṣirò kékeré kan

Kì í ṣe ìwọ̀n ilẹ̀ tí a ṣán nìkan ni ó ṣe pàtàkì. Ibi tí a ti ṣán an ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ká ní igbó kan gùn ní kìlómítà 10, ó sì fẹ̀ ní kìlómítà 10. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 100 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ká tún ní ẹranko kan wà níbẹ̀ tí kì í gbé ibi tí kò tó kìlómítà 1 sí etí igbó, nítorí ariwo, ajá àti ìbọn. Ibi tí ó lè gbé láìfòyà jẹ́ 8 ní ọ̀nà 8, èyí ni 64. Bí a bá la títì kan gba àárín igbó náà, tí ènìyàn ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, igbó di méjì. Ó ku 3 ní ọ̀nà 8 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 48. Bí títì kejì bá dábùú èkíní, igbó di mẹ́rin. Ó ku 3 ní ọ̀nà 3 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 36. Ilẹ̀ tí títì méjèèjì gbà kò tó nǹkan, síbẹ̀ ibùgbé ẹranko náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì.

Àpẹẹrẹ láti Igbó Ọmọ

Igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn di igbó ọba ní ọdún 1925. Ní ọdún 1977, àjọ UNESCO kà á mọ́ àwọn igbó tí ó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò. Ṣùgbọ́n a ti gé apá púpọ̀ níbẹ̀ láti gbin igi mẹláínà, oko kòkó àti àwọn abúlé sì ti wọ inú rẹ̀. Erin ṣì wà níbẹ̀. Bí ojú ọ̀nà wọn bá di oko, inú oko náà ni wọn yóò máa gbà kọjá, wọn yóò sì jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n bá bá níbẹ̀. Àgbẹ̀ pàdánù, erin náà sì wà nínú ewu ìbọn. Òfò yìí kò mọ sí orí erin nìkan: erin a máa gbé èso òro mì, a sì máa gbé kóró rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Igi yìí ni a ti ń rí àpọ̀n tí a fi ń se ọbẹ̀. Bí erin bá tán, ta ni yóò máa gbìn ín káàkiri inú igbó fún wa?

Ohun tí ẹ lè ṣe

• Ẹ má ṣe dá oko sínú igbó ọba. Ẹ kọ́kọ́ tún oko àtijọ́ ṣe kí ẹ tó ronú igbó mìíràn.
• Ẹ fi igbó etí odò sílẹ̀ láìṣán. Ó ń pa omi mọ́, ó sì jẹ́ ọ̀nà fún ẹranko láti inú igbó kan bọ́ sí òmíràn.
• Ẹ fi ìrókò, àfàrà àti òro sílẹ̀ nínú oko kòkó. Oko bẹ́ẹ̀ kì í ṣe igbó, ṣùgbọ́n ó sàn fún ẹyẹ ju ilẹ̀ gbalasa lọ.
• Bí ó bá di dandan kí ẹ ṣán ilẹ̀ yín, kí ẹ̀yin àti aládùúgbò yín jọ ṣán an sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí igbó tí ó kù lè wà ní odidi.
• Ẹ má ṣe gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀gẹ́ sí ojú ọ̀nà tí erin ń gbà.

Kí ẹ tó ṣán igbó ọdún yìí, ẹ ya àwòrán ilẹ̀ náà sórí ìwé: odò, igi ńlá àti ipa ẹsẹ̀ ẹranko. Ẹ pe àwọn ọdẹ abúlé yín jókòó, kí ẹ bèèrè ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí lórí ẹranko kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ mú àwòrán náà tọ òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ agbègbè yín lọ. Ó rọrùn láti yí ìlà orí ìwé padà ju kí a máa wá igi tí ó ti wó lọ.