Fáìlì Tìrẹ Ni Kó O Tọ́jú

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o fi ìbínú kúrò níbi ìtọ́jú torí pé àwọn akọ̀wé ò rí fáìlì rẹ. Inú á bí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àìsàn ìfun ọlọ́jọ́ pípẹ́, ìyẹn Crohn's tàbí ulcerative colitis, kì í ṣe ibà tó ń lọ kíákíá. Ìwọ àtàwọn akọ̀wé yẹn yóò ṣì máa ríra.

Ní fáìlì tìrẹ nílé. Èsì kámẹ́rà tí wọ́n fi wo ìfun, èsì ẹran ara tí wọ́n gé yẹ̀ wò, orúkọ oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀: ṣe fọ́tòkọ́pì gbogbo wọn. Ikọ́ ẹ̀gbẹ inú ìfun àti àmíbà lè jọ àìsàn yìí gan-an, dókítà tuntun tí kò rí èsì àtijọ́ lè tún gbogbo àyẹ̀wò ṣe. Owó rẹ ni.

Bó bá jẹ́ NHIA, adójútòfò ìlera ti ìjọba, lò ń lò, gba lẹ́tà nílé ìwòsàn tó o ti forúkọ sílẹ̀, kí HMO, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó adójútòfò rẹ, sì ti fún ọ ní kóòdù àṣẹ kó o tó wọkọ̀ lọ sí UBTH, ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Ugbowo ní Benin. Béèrè pẹ̀lú bóyá àwọn dókítà ò yanṣẹ́ lódì.

Bó o bá débẹ̀, fi “Kóyo”, ìkíni àwọn Ẹ̀dó, kí àwọn akọ̀wé kó o tó rojọ́. Bí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n ọ́ lórí ìlà, sọ fún nọ́ọ̀sì, má tijú.

Èyí tí mi ò ní gbà ni kó o tìtorí ìbínú dá oògùn prednisolone dúró lójijì. Dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bó bá fẹ́ẹ́ tán, padà lọ.